Fóònù ń lọ, kọ̀ǹpútà ò lọ: ẹ má tíì ra bọ́ọ̀dù

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìgbógbó níbí ni mò ń gbé. Mo ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí mo fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fáwọn ilé ìwé, UPS kékeré kan, bátìrì tó ń gbé e nígbà tí iná bá lọ, sì wà nídìí rẹ̀. Ráútà onísíìmù wà ní pálọ̀. Wọ́n fa wáyà láti ibẹ̀ gba ojú fèrèsé wọ yàrá tí kọ̀ǹpútà wà. Láti alẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá kan rọ̀ tòun tàrá, kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun ò rí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ fóònù mi ń lọ dáadáa nínú ilé kan náà. Láàárọ̀ ìgbà mìíràn, kọ̀ǹpútà náà máa ń lọ fún wákàtí kan tàbí méjì. Tó bá dalẹ́ tá a tan jẹ́n, ó tán nìyẹn. Mo gbé e lọ fún ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó ní àrá ti ba bọ́ọ̀dù jẹ́, ìyẹn pátákó inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́, kí n mú owó òmíràn wá. Ọmọ-ọmọ mi náà ti fọwọ́ kàn án, ó ní òun fi VPN ọ̀fẹ́ kan sí i, ètò tó ń mú kí íntánẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà ibòmíràn. Ṣé kí n ra bọ́ọ̀dù náà?”

Màmá, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú wàhálà. Rárá, ẹ má tíì ra bọ́ọ̀dù kankan.

Ohun tó jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú lẹ́tà tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Ẹ ní ó máa ń lọ láàárọ̀. Ihò wáyà tí àrá bá pa lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó sábà máa ń pa á pátápátá ni; kì í jí láàárọ̀ kó tún padà kú lálẹ́. Mi ò ní purọ́, mo ti rí ọ̀kan tàbí méjì tó ń ṣe ségesège lẹ́yìn àrá, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n débi pé kì í ṣe òun ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Ohun tó bá ń já tó tún ń so, ohun tó ń mì ni: wáyà, iná tó ń gbé ráútà, tàbí ètò kan tí wọ́n yí nínú kọ̀ǹpútà. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ẹni tó sì ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀dù láìyẹ àwọn mẹ́ta yìí wò ti mú àdá jáde kó tó béèrè ibi tó ń dùn yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà ọjà wò ó. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ti Ìgbógbó lọ sí Èkó, ẹ máa jáde nílé, ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà dé gáréèjì Ìkòròdú, ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì gba Mile 12, kẹ́ ẹ tó máa bá tiyín lọ. Bẹ́ ẹ ò bá débẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ilẹ̀kùn ilé yín ló bàjẹ́ láìtíì béèrè ibi tí ọkọ̀ ti dúró. Kọ̀ǹpútà náà ní ibùdókọ̀ tirẹ̀: ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà, ihò tí wáyà wọ̀ lára ráútà, ráútà fúnra rẹ̀, òpó ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù, lẹ́yìn náà ni ayé gbogbo. Ká kọ́kọ́ mọ ibùdókọ̀ tí ọ̀rọ̀ ti dúró, ká tó ná kọ́bọ̀.

Fóònù yín ni ẹlẹ́rìí tẹ́ ẹ pè. Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára, torí ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: tó bá jẹ́ pé dátà ló tán lórí ráútà, tàbí òpó ló ní ìṣòro, fóònù tó so mọ́ ráútà náà ò ní lọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí yìí lè máa parọ́ láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ayé ìsinsìnyí, tó bá so mọ́ Wi-Fi tó rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀, á rọra fò sórí dátà síìmù tirẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin á máa rò pé ráútà ló ń gbé e, síìmù inú fóònù ló sì ń jẹ owó yín. Nítorí náà, ẹ pa dátà fóònù, kí Wi-Fi nìkan ṣẹ́kù, kẹ́ ẹ wá ṣí ojú ìwé kan tẹ́ ẹ ò ṣí rí, torí èyí tẹ́ ẹ ti ṣí rí lè jáde láti inú ìrántí fóònù. Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ tún un ṣe lálẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tan jẹ́n. Tó bá lọ nígbà méjèèjì, dátà wà, òpó sì dá. Ẹ gbàgbé ìta, inú ilé ni ká máa wá a. Tó bá kọ̀ lálẹ́ nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná ló ń da ráútà láàmú, ẹ fò lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ jẹ́n nísàlẹ̀.

Ẹ wá lọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wáyà wọ̀, iná kékeré kan tàbí méjì wà, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ọsàn. Tí wáyà bá dé ráútà ní àlàáfíà, iná á wà níbẹ̀, á sì máa ṣẹ́jú bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀. Bí kò bá sí iná rárá nígbà tí kọ̀ǹpútà àti ráútà wà ní títàn, àwọn méjèèjì ò tíì rí ara wọn, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù tó máa yanjú ìyẹn. Ẹ yọ orí wáyà, ẹ tì í padà títí ó fi máa dún “kà”. Ahọ́n ike kékeré kan ló ń di orí wáyà yẹn mú. Bí ahọ́n náà bá ti kán, wáyà á máa yọ díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tẹ́ni tó ń gbálẹ̀ bá fi ìgbálẹ̀ kàn án. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ahọ́n ike yìí ló mú mi gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀sẹ̀ kan nítorí oníbàárà kan ṣoṣo.

Ní ìdí ráútà, ẹ yọ wáyà nínú ihò tó wà, ẹ kì í bọ ihò mìíràn tí wọ́n kọ LAN sí. Àrá lè pa ihò kan lára ráútà kó fi ìyókù sílẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣiṣẹ́, ẹ ti bọ́.

Wáyà ojú fèrèsé yẹn ni ọkàn mi fà sí jù. Okùn kéékèèké mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lọ́ ní méjì méjì: ọsàn, ewé, búlúù àti búráùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ tó ní funfun lára. Tí kọ̀ǹpútà àti ráútà bá ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n eré 100 megabit, mẹ́rin péré ni wọ́n ń lò nínú mẹ́jọ yìí, ọsàn méjì àti ewé méjì. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n gigabit, tó yára ju ìyẹn lọ, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló gbọ́dọ̀ pé. Ohun tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé búlúù tàbí búráùn lè já kẹ́ ẹ má tilẹ̀ mọ̀. Kọ̀ǹpútà sábà máa ń kàn sọ̀ kalẹ̀ sí 100, ìyẹn náà sì ti tó fún ẹni tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọsàn kan tàbí ewé kan ló fẹ́ẹ́ já, tó ṣì ń kan ara wọn díẹ̀díẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ń rí yìí gan-an lẹ máa rí: ó lọ, kò lọ.

Wáyà tí wọ́n ṣe fún inú ilé ni wọ́n sábà máa ń fà gba ìta láwọn ilé wa. Ike ara rẹ̀ ò fara da oòrùn. Bó bá ti pẹ́ níta, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán, omi òjò á rọ́nà wọlé, bàbà inú rẹ̀ á sì máa dípẹtà. Ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, tí inú okùn rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n kàn fi bàbà bò lójú. Ìyẹn máa ń kán bí igi ìṣáná níbi tí férémù fèrèsé bá ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìka tọ wáyà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí férémù ti fún un, ibi tí eku ti jẹ ẹ́, ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ẹ samì síbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ló máa ń kọ̀, tí oòrùn bá wá ràn án gbẹ kó padà máa lọ, ẹ má wá ẹlẹ́ṣẹ̀ mìíràn mọ́.

Kó lè dá yín lójú, ẹ gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ráútà ní pálọ̀, ẹ fi wáyà kúkúrú mìíràn so wọ́n. Irú rẹ̀ máa ń wà nínú páálí ráútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tú dé ìsàlẹ̀; ẹ wo ti yín kẹ́ ẹ tó yá ti aládùúgbò. Bó bá lọ dáadáa níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, tọ̀sán-tòru, wáyà lẹ máa pààrọ̀. Kẹ́ ẹ ra èyí tó jẹ́ bàbà gidi, tí wọ́n ṣe fún ìta, tàbí kẹ́ ẹ ki i sínú páìpù tí àwọn oníná fi ń fa wáyà. Mítà 100 ni gígùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá, àmọ́ kò lè dé bẹ́ẹ̀ àfi tó bá jẹ́ ààfin ọba lẹ̀ ń gbé.

Ìdánwò kan wà tó dùn mọ́ mi ju gbogbo wọn lọ, torí kò ná èèyàn ní nǹkan kan, ó sì ń pín ìṣòro sí méjì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ yọ wáyà ráútà kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ẹ mú fóònù Android yín, ẹ fi okùn tẹ́ ẹ fi ń gba iná sí i so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Nínú Settings fóònù, níbi tí wọ́n kọ tethering sí, ẹ tan USB tethering. Kọ̀ǹpútà á rò pé wáyà tuntun ni wọ́n kì bọ òun. Bó bá ṣí ojú ìwé, a jẹ́ pé Windows dá, bíráósà tẹ́ ẹ fi ń ṣí ojú ìwé náà dá, ẹjọ́ ku wáyà àti ihò rẹ̀, àfi tí ẹnì kan bá ti tẹ adírẹ́sì kan mọ́ ihò wáyà yẹn fúnra rẹ̀ (ẹ mọ ọmọkùnrin tí mo ń bá wí). Bó bá kọ̀, tí fóònù fúnra rẹ̀ sì ń lọ, ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ ètò inú kọ̀ǹpútà ló dàrú, kì í ṣe irin ló bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o. Windows tó bá ti pẹ́ tó ti rí íntánẹ́ẹ̀tì gbẹ̀yìn máa ń fi ìyàn fa àwọn ohun tuntun tó fẹ́ gbà, kẹ́ ẹ tó mu tíì kọ́ọ̀bù kan tán, dátà fóònù ti wọlẹ̀.

Ó kàn wá kẹ́ ẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ẹ di bọ́tìnì tó ní àmì Windows mú, ẹ tẹ R pẹ̀lú rẹ̀, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Ojú dúdú kan á ṣí. Tíṣà ni yín, ẹ ò lè bẹ̀rù pátákó dúdú. Ẹ kọ ipconfig síbẹ̀, ẹ tẹ Enter, ẹ wá wo ìdí Ethernet adapter, orúkọ tí Windows ń pe ihò wáyà yẹn. Tó bá ní Media disconnected, ẹ padà sídìí wáyà. Tí nọ́mbà tó wà níwájú IPv4 Address bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, tàbí 10 lórí àwọn ráútà mìíràn, ráútà ti fún un ní nọ́mbà, wọ́n mọ ara wọn. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ráútà ni baálé tó ń pín yàrá fún gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọlé. Kọ̀ǹpútà kanlẹ̀kùn, kò rẹ́ni dá a lóhùn, ó wá yan yàrá fún ara rẹ̀ nínú ilé tí kò sí. Ó ní adírẹ́sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wá a débẹ̀.

Màmá, 169.254 yìí ni mo fura sí pé ẹ máa bá lálẹ́. Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Iná lọ. Kọ̀ǹpútà wà lórí UPS, kò kú. Ráútà ò sí lórí UPS, ó kú. Wọ́n tan jẹ́n, ráútà bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ihò wáyà rẹ̀ sì máa ń jí ṣáájú ọpọlọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rí i pé iná ihò ti tàn, ó sáré lọ béèrè nọ́mbà. Ráútà tí kò tíì lajú tán ò dá a lóhùn. Ó mú 169.254, ó jókòó tì í. Windows máa ń padà lọ béèrè ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ṣùgbọ́n tí iná jẹ́n bá ń fò sókè tó ń já sílẹ̀, ráútà á ti tún kú tó ti tún jí kí márùn-ún yẹn tó pé. Láàárọ̀ tí iná ìjọba bá dúró jẹ́ẹ́, gbogbo wọn á wà ní ìrẹ́pọ̀. Ẹ tún lẹ́tà yín kà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ nìyẹn. (Àwa tí ilé-iṣẹ́ iná Egbin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, èyí tí wọ́n kọ́ láti pèsè megawatt 1,320, àwa náà la tún ń kọ̀wé nípa jẹ́n. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.)

Nígbà tó bá kọ̀ lálẹ́, ẹ kọ ipconfig /release sínú ojú dúdú yẹn, ẹ tẹ Enter, lẹ́yìn náà ẹ kọ ipconfig /renew. Bó bá lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn nípa bọ́ọ̀dù. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: ẹ gbé ráútà náà sórí UPS. Ohun tí ráútà ilé sábà máa ń gbà jẹ́ fóòtì 12 (12V) àti ámúpù 1 (1A), ìyẹn wáàtì 12. UPS tó ń gbé kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé wọ́n gbé nǹkan lé òun. Tí okùn ò bá dé pálọ̀, wọ́n ń ta UPS pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún ráútà nìkan. Ẹ sì yí ráútà délẹ̀, ẹ fi ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ wé ohun tó wà lára ṣájà rẹ̀. Fóòtì wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, ámúpù ṣájà kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ti ráútà. Ọ̀pọ̀ ráútà tí wọ́n ń bú kiri àdúgbò, ṣájà tí wọ́n yá láti ara nǹkan mìíràn ló ń fìyà jẹ ẹ́.

Tí nọ́mbà bá dára tí ojú ìwé ò sì ṣí, ẹ lo ping, àṣẹ kékeré kan tẹ́ ẹ máa kọ sínú ojú dúdú yẹn. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Mike Muuss ló kọ ọ́ lọ́dún 1983, ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi fi ń mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá ti dúró ní etí ọ̀sà ní Báyékù rí tó ń ké sí ọlọ́kọ̀ lódìkejì ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ẹ ké, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ké sí ráútà, nọ́mbà tó wà níwájú Default Gateway nínú ipconfig, bíi ping 192.168.1.1. Bó bá dáhùn, ẹ ké sí òkèèrè: ping 8.8.8.8, ìyẹn Google. Bí ìyẹn náà bá dáhùn, ẹ wá ké orúkọ: ping google.com. Tí ráútà ò bá dáhùn, inú ilé yín ni. Tí ráútà bá dáhùn tí òkèèrè dákẹ́, ó ti kúrò nínú ilé. Tí nọ́mbà bá dáhùn tí orúkọ ò dáhùn, DNS ló ṣẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá wa sọ orúkọ di nọ́mbà. Ẹ lọ sínú ètò Ethernet nínú Settings Windows, ẹ fi 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 síbi DNS, ẹ wá kọ ipconfig /flushdns sínú ojú dúdú.

Bí gbogbo ping bá dáhùn tí bíráósà nìkan ń ṣe orí kunkun, ìgbà yẹn la máa pe ọmọ-ọmọ yín wá. VPN ọ̀fẹ́ máa ń yí ọ̀nà kọ̀ǹpútà padà. Tó bá kú, tàbí tí wọ́n yọ ọ́ láìdáa, ó lè fi ohun tí wọ́n ń pè ní proxy, alárinà tí ọ̀rọ̀ ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, sílẹ̀ sẹ́yìn, tó máa ń ní 127.0.0.1 nínú. Nọ́mbà yẹn, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ jáde á padà sílé, bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn láti bọ́ síta tó tún bá ara rẹ̀ nínú yàrá. Ẹ lọ sí Settings, sí Network & internet, sí Proxy, ẹ pa ohun tí wọ́n kọ Use a proxy server sí. Ẹ yọ VPN náà nínú Apps. Lẹ́yìn náà, nínú ètò Ethernet, ẹ rí i pé adírẹ́sì wà ní Automatic, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ti tẹ nọ́mbà kan síbẹ̀ nígbà tó ń gbìyànjú. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tún un tàn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ tún kọ̀ǹpútà kan ṣe ní Sábó. Ping ń dáhùn, DNS ń dáhùn, gbogbo ojú ìwé ń sọ pé ìsopọ̀ náà ò ní ààbò. Mo pa Windows rẹ́, mo fi tuntun sí i, odindi ọjọ́ kan lọ. Bó ṣe wà náà ló wà. Ìyá oníbàárà mi tó kọjá lẹ́yìn mi ló bi mí pé kí ló dé tí aago kọ̀ǹpútà yìí ń sọ ọdún tí wọn ò tíì bí ọmọ ọmọ òun. Bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lórí bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ń pè ní CR2032, ló ti kú. Nígbàkígbà tí iná bá lọ, aago á padà sí ọdún àtijọ́. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan máa ń mú ìwé ẹ̀rí kan jáde tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ìwé ẹ̀rí náà kì í sì pẹ́ púpọ̀ kó tó parí. Kọ̀ǹpútà tó rò pé òun wà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn á ka gbogbo wọn sí ayédèrú. Bátìrì yẹn ò wọ́n, ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń pààrọ̀ rẹ̀ tí wọ́n bá ti yọ okùn iná. Láti ọjọ́ yẹn, aago ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó kí onílé tán. Ẹ wo ti yín.

Fún àwọn tó ń ka èyí tó jẹ́ Wi-Fi ni kọ̀ǹpútà wọn ń lò, nǹkan méjì péré. Tí ráútà bá ní orúkọ méjì, èyí tó jẹ́ 5GHz ń yára ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù tètè ń dá a dúró. Èyí tó jẹ́ 2.4GHz ń lọ jìnnà. Ẹ sì wo bóyá ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnì ọkọ̀ òfuurufú lórí kíbọ́ọ̀dù láìmọ̀.

Ti dátà, ẹ tẹ *323# lórí síìmù ráútà tẹ́ ẹ bá kì í sínú fóònù. Kóòdù kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ̀kì nílẹ̀ yìí báyìí. Nínú ètò Ethernet, ẹ tan Metered connection, kí Windows má máa fi dátà yín jẹun lóru.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà ò sí nílé yín rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun já ní etíkun Côte d’Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn oníbàárà mi ti yọ wáyà, wọ́n ti pa ráútà, ẹnì kan ti tú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ pátápátá kó tó pè mí. Bí fóònù, kọ̀ǹpútà àti ti aládùúgbò bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fọwọ́ lẹ́rán díẹ̀. Bó bá pẹ́, ẹ pe 300, nọ́mbà ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù; bí wọn ò bá dá yín lóhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ní 622 fún ẹjọ́ oníbàárà, ọ̀fẹ́ ni.

Ká ní àrá ló ṣe é ní tòótọ́ ńkọ́? Ẹ máa mọ̀ báyìí: wáyà kúkúrú nínú gbogbo ihò ráútà, kò sí iná kankan lẹ́yìn kọ̀ǹpútà láàárọ̀ tàbí lálẹ́, bẹ́ẹ̀ USB tethering ń lọ dáadáa. Ihò yẹn ti kú nìyẹn. Síbẹ̀, ihò kan ló kú, bọ́ọ̀dù ò kú. Àdápítà kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ojú USB, tó ní ihò wáyà lẹ́nu. Káàdì wà tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà. Wi-Fi oní-USB náà wà, ìyẹn á sì gbà yín lọ́wọ́ wáyà fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó rẹ̀ ò lè dé ìdajì owó bọ́ọ̀dù. Láti ìsinsìnyí lọ, tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, kì í ṣe okùn iná nìkan lẹ máa yọ. Ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ̀kì náà, torí wáyà gígùn tó wà níta lè gbé àrá tó bọ́ sí tòsí wọlé, kódà bí kò bá kan ilé yín.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fún mi. Ẹ mú ìwé kan, ẹ máa kọ aago tó lọ àti aago tó kọ̀, bóyá òjò rọ̀, bóyá iná ìjọba ni tàbí jẹ́n, àti nọ́mbà tó wà níwájú IPv4 Address nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó padà lọ bá ẹni tó ń dúró de owó bọ́ọ̀dù. Ẹ bá mi kí ọmọ-ọmọ yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kó yọ VPN yẹn kúrò lónìí.